Irin, Máa Bọ̀

Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé àdúgbò wa, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa wo irin bí ẹni ń wo ajá tó ti bu ẹnì kan jẹ rí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ páálí ni. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló rí i gbà ní àlòkù, wọ́n sì gbé e sínú ilé ìlàpákó àtijọ́ kan ní ìparí òpópónà wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ẹnì kan gbàgbé ìgbálẹ̀ onígi sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ìgbálẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, igi rẹ̀ ti lọ́ mọ́ páálí bí okùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kì í kọjá níwájú ilé mi kí n má pè é wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ níwájú ọmọ mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òjò ló sọ wá di ẹlẹ́rọ. Ọdún kan báyìí, ike àti páálí dí gbogbo gọ́tà, omi wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Télọ̀ tó ń gbé lójúde wa, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ títí di òní, pe ìpàdé. Ó dúró lórí àga, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orókún. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdọ̀tí tí a jù síta ló padà wá yìí. Ó mọ̀nà ilé."

Obìnrin kan tó ń ṣe irun, tí gbogbo wa ń pè ní Onídìrí, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Alága, tiyín ló kọ́kọ́ wọlé mi. Mo rí àjákù aṣọ yín nínú ìkòkò mi."

Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpò ike wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, àpò páálí wà, àpò agolo náà wà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi páálí àtijọ́ ṣe tuntun kì í sì gba páálí tí a ò tẹ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ lásán ni ọkọ̀ á máa rù. Bí ẹ̀rọ ṣe di dandan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Àpótí irin ńlá ni, ó ga ju èèyàn lọ. A kan pèpéle pákó yí ẹnu rẹ̀ ká, orí pèpéle náà la ti ń da páálí sínú rẹ̀. Kòtò là ń pè é. Irin kan tó nípọn bí òkúta ọlọ rọ̀ sókè ẹnu kòtò. Bí ẹńjìnnì bá gbà á, irin yẹn á rọra máa sọ̀ kalẹ̀, kì í kánjú, kì í wo ẹ̀yìn, á tẹ ohun tó bá bá nísàlẹ̀ títí á fi le bí búlọ́ọ̀kù. Ìsàlẹ̀ kòtò ní ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ la ti ń yí ẹrù jáde, tí a bá ti fi wáyà tó wà nísàlẹ̀ dì í.

Páálí ò wá gbọ́ràn. Bí a bá dà á sílẹ̀ lásán, á dúró gan-an-gan-an, á fi igun kòtò sílẹ̀ lófìfo, ẹrù á sì tú lójú ọ̀nà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí irin tó dé. Ọmọ mi ló ń ṣe é. Òun ni mo bí kẹ́yìn, òun nìkan ló sì kù sọ́dọ̀ mi, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àdúgbò ń pè é nítorí pé kò sanra, ara rẹ̀ sì yá. Mo ní kó má wọ̀ ọ́. Ó ní, "Màámi, ta ni kó wọ̀ ọ́? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí Onídìrí tí ìdí rẹ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà?"

Onídìrí ní, "Ìdí mi ni ò jẹ́ kí n kú sínú kòtò. Jẹ́ kí tìrẹ náà tóbi díẹ̀."

Wọ́n ń ṣàwàdà. Èmi ń wo irin.

Ohun tó tilẹ̀ ń já mi láyà jù ni pé ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ò lè rí wa. Inú yàrá kejì ni ẹńjìnnì wà, ògiri la àárín wa. Ọkùnrin náà ti ṣe wẹ́dà rí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ayé lè parẹ́. Ikùn-kìí-gbàgbé la sọ ọ́, kì í bínú sí i. Nínú ariwo ẹńjìnnì, kò lè gbọ́ ẹnì kan tó ń pariwo. A gbìyànjú agogo, kò gbọ́. A gbìyànjú kí a máa fi òkúta lu ògiri, ó ní òun rò pé eku ni. Orin nìkan, tí gbogbo wa bá gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń la ògiri kọjá.

Èmi ló ní kí a fi orin ṣe é. Orin kì í wọ́n mi. Mo ṣe é lórí ìdúró, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀:

*Ta ló kù nínú kòtò?*
*Kò kù ẹnì kankan.*
*Ẹsẹ̀ ta ló wà nísàlẹ̀?*
*Kò kù ẹnì kankan.*
*A ti gòkè, a ti jáde,*
*Irin, máa bọ̀ o, irin, máa bọ̀.*

Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ti gòkè, èmi á lé orin, àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á gbè é. Bí a bá dé "a ti gòkè," Onídìrí á fa àkàbà jáde. Bí a bá dé "irin, máa bọ̀," Ikùn-kìí-gbàgbé á tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ sísàlẹ̀. Orin kejì wà pẹ̀lú, ti oúnjẹ. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé abọ́ dé, a ó kọ ọ́, á sì pa ẹńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kò tíì sí ìgbà kan tó pẹ́ kó tó pa á.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Òpópónà mọ́, gọ́tà ń ṣàn. Ṣùgbọ́n orin dídùn kì í jókòó síbì kan. Ní ọjọ́ kan mo ń bọ̀ láti ibi omi, mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin tó ń fọṣọ pé, "A ti gòkè, a ti jáde." Mo dúró, mo wo apá ilé ìlàpákó bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà lọ́rùn, àfi ìgbà tí mo rántí pé ọjọ́ ìsinmi ni, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tó ń fo okùn ń kọ ọ́. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ń súfèé rẹ̀.

Mo lọ bá Alága ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Alága, orin yẹn ò gbọdọ̀ máa rìn kiri. Ẹni tí ò rí kòtò ò gbọdọ̀ kọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó yọ ọ́. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ ṣe orin tó dùn, ẹ wá ń bínú pé ó dùn. Orin ni, kì í ṣe ọ̀bẹ."

Mo ní, "Nínú ilé yẹn, ọ̀bẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́. Mo lọ. Ẹ̀rù ò lọ.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ẹgbẹ́ àdúgbò kejì fẹ́ wá wo bí a ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè ṣe tiwọn. Alága ti rán aṣọ tuntun fún ara rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ki. Àwa wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹńjìnnì ń dún lẹ́yìn ògiri, Ikùn-kìí-gbàgbé ń dúró de orin. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nísàlẹ̀ kòtò, ó ń tẹ páálí. Onídìrí dúró ti àkàbà, ó kẹ̀yìn sí kòtò, ó ń tú ẹnu àpò kan. Èmi wà létí pèpéle, mò ń wo orí ọmọ mi bí mo ṣe máa ń wò ó.

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Màámi, ẹsẹ̀ mi há."

Mo ní, "Ó há síbo?"

"Ó wọ inú páálí lọ. Ó há sáàárín wáyà nísàlẹ̀." Ó fà á, kò jáde. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má fojú yẹn wò mí, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ orin wa lẹ́nu ọ̀nà ńlá. Alága ti kó àwọn àlejò dé. Ó dúró síwájú wọn, ó nawọ́ sí ilé bí ẹni tó fẹ́ fi ìyàwó hàn, ó sì lé e: "Ta ló kù nínú kòtò?"

Àwọn àlejò ti kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Wọ́n pọ̀, ohùn wọn sì dára. Wọ́n gbè é, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i: "Kò kù ẹnì kankan."

Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi gbẹ. Orí mi wú títí mo fi rò pé ìborí mi á bọ́. Mo ju ọwọ́ sókè sí wọn, wọ́n rò pé mò ń kí wọn, wọ́n ju ọwọ́ padà. "Ẹsẹ̀ ta ló wà nísàlẹ̀?" Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló wà nísàlẹ̀. "Kò kù ẹnì kankan."

"A ti gòkè, a ti jáde." Onídìrí kò tilẹ̀ yíjú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ orin náà ju etí rẹ̀ lọ. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó fa àkàbà jáde, ó gbé e ti ògiri, ó ń bá àpò rẹ̀ lọ.

Irin, máa bọ̀ o. Irin, máa bọ̀.

Ohùn ẹńjìnnì yí padà. Irin náà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti rí ikú ọkọ mi, mo ti rí iná, mo ti rí omi nínú ilé. Mi ò rí ohun tó rọra tó bẹ́ẹ̀ rí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo òkè. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń fa iṣu. Mo pe Alága, ohùn mi ò ju ti ẹyẹ lọ. Ẹsẹ̀ mi kì í gbé mi sáré mọ́, ọ̀nà yàrá kejì sì gba àárín àwọn àlejò kọjá, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú, wọ́n tún ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ń sunkún. Ohun tí mo rí ni pé ọkùnrin ẹ̀yìn ògiri kì í gbọ́ ariwo. Orin ló ń gbọ́. Ìyẹn ni mo fi ya ẹnu, tí mo lé orin oúnjẹ:

*A ti sọ ìkòkò kalẹ̀,*
*Oúnjẹ ń tutù lọ.*
*Ẹni tó bá pẹ́ níbi iṣẹ́*
*Abọ́ òfìfo ni yóò bá.*

Ohùn àkọ́kọ́ gbọ̀n, kò dé ibì kan. Mo tún lé e. Onídìrí gbọ́. Ó yíjú, ẹnu yà á, nítorí àsìkò oúnjẹ ò tíì tó. Ó wo ojú mi. Ó wo kòtò. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi, ṣùgbọ́n ohùn tí obìnrin náà fi gba orin lẹ́nu mi, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé gbọ́ ọ, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà. Àwọn obìnrin yòókù gbè é, bí wọ́n ṣe ń gbè é lójoojúmọ́, láìmọ̀dí. Orin méjì wá ń ja ìjà nínú ilé kan. Wọ́n ń wí pé irin, máa bọ̀. À ń wí pé oúnjẹ ń tutù lọ. Irin ti wọ ẹnu kòtò. Mi ò rí orí ọmọ mi mọ́, irin ti bò ó, mo sì ń kọrin ìkòkò. Mo pàtẹ́wọ́ sí i. Mo fi ẹsẹ̀ lu pákó.

Ẹńjìnnì kú.

Gbogbo ilé dákẹ́, àlejò àti onílé. Ikùn-kìí-gbàgbé gba àárín wọn wọlé, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ṣíbí rẹ̀ wà lápò àyà. Ó ní, "Ó yá lónìí o. Níbo ló wà?"

Ó wo irin, ó wo àkàbà lára ògiri, ó wo èmi. Ó wá ojú ọmọ mi láàárín wa, kò rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo dojú bolẹ̀ lórí pèpéle, mo pe orúkọ rẹ̀ gbogbo, títí kan èyí tí bàbá rẹ̀ nìkan ń pè é. Ó pẹ́. Ohùn kan wá láti abẹ́ irin, ó kéré. "Ó ti kan ìborí mi, màámi. Mo lóṣòó. Mi ò lè gbé orí."

Alága ní, "Gbé e sókè. Gbé e sókè kíákíá."

Ikùn-kìí-gbàgbé mi orí. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Kò ṣeé ṣe. Bí mo bá tan ẹńjìnnì, á kọ́kọ́ tẹrí ba díẹ̀ kó tó gòkè. Ó máa ń tẹrí ba. Ẹ̀yin náà ti rí i."

A ti rí i lóòótọ́. Lójoojúmọ́ la máa ń rẹ́rìn-ín sí i, à ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ń kí àgbà.

Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ló kù. Wọ́n sáré lọ síbẹ̀, wọ́n ń fi òòlù lu irin ìdábùú rẹ̀, ó sì ti fún nítorí páálí tó tì í láti inú. Bí wọ́n ṣe ń lù ú ni irin òkè ń gbọ̀n, mo sì ń rò ó pé á já. Mo ní kí wọ́n rọra. Mo ní kí wọ́n yára. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Màámi, ẹ ti dákẹ́."

Mo ní, "Mo wà níbí."

"Ẹ kọrin. Bí ẹ bá dákẹ́, mò ń gbọ́ irin."

Mo kọrin fún un. Mo kọ ti ìwẹ̀, mo kọ ti eyín tó ń yọ, mo kọ èyí tí mo fi ń bú bàbá rẹ̀ nígbà tí ó bá pẹ́ níta. Ìdábùú jábọ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Onídìrí, tí wọ́n ní ìdí rẹ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà, fi àyà wọ́lẹ̀ wọ inú ihò yẹn, ó ń fi èékánná tú páálí síta, àwọn àlejò ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó bá ẹsẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ téèpù gé bàtà kúrò lára rẹ̀. Wọ́n fà á jáde bí ìgbà tí mo bí i, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ.

Ẹ̀jẹ̀ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìborí rẹ̀ kù sábẹ́ irin. Ó wo ojú gbogbo wa, ó ní, "Oúnjẹ náà dà?" Ikùn-kìí-gbàgbé sì bú sẹ́kún.

Alága wá sílé ní ọjọ́ kejì. Ó jókòó, kò mu omi. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ ti sọ fún mi."

Mo ní, "Mo sọ fún ọ. Wò ó, aṣọ ni kí o máa rán. Tí orin bá ń gùn ọ́, kọ ti ìyàwó rẹ." Kò rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rẹ́rìn-ín fún un.

A ṣe ìpàdé. Àwọn kan ní kí a gbé ẹ̀rọ náà kúrò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ ló dìde, pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀, ó ní bí a bá gbé e kúrò, omi á padà wá sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ò sì fẹ́ràn omi. A fẹnu kò pé a ó pa orin àtijọ́ tì, kí àwọn tó ń fọṣọ máa kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, kí irin má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ikùn-kìí-gbàgbé lu ihò ńlá sára ògiri láti lè máa rí wa, kí ohùn ẹnì kan sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún ní bí òun bá tiẹ̀ rí wa, àfi kí òun gbọ́ ohùn ẹni tó wọ kòtò gan-an, ohùn tirẹ̀ nìkan, pé ó ti jáde. Òun ò ní tẹ ohunkóhun bí òun ò bá gbọ́ ọ.

Mo ṣe orin mìíràn. Nínú rẹ̀, gbogbo wa ń béèrè, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dáhùn.

Mò ń kọ ọ́ títí di òní. Bí mo bá ti béèrè pé ọmọ mi dà, àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò sí ohùn, tí ẹńjìnnì nìkan ń dún. Nígbà mìíràn ikọ́ á mú un, tàbí Onídìrí á sọ ohun kan tó pa á lẹ́rìn-ín, àyè náà á gùn. Màá wo ihò ara ògiri, màá rí ojú Ikùn-kìí-gbàgbé níbẹ̀, òun náà ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè.

Ohùn rẹ̀ á wá dé, lẹ́yìn mi gan-an: "Mo ti jáde, màámi."

Ìgbà yẹn ni mo tó ń gbè é.